Quad 303
Quad 303 jẹ́ áńpílífáyà sítẹ́ríò tí wọ́n ṣe ní Huntingdon, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ọdún 1967 títí di 1985. Agbára rẹ̀ jẹ́ wáàtì 45 fún ìhà kọ̀ọ̀kan. Ó bá sípíkà Quad ESL ti ọdún 1957 mu, èyí tí kò gbọdọ̀ gbà ju fólítì 33 lọ. Quad 405, tí ó jẹ́ wáàtì 100, lè ba sípíkà náà jẹ́ bí a kò bá dín agbára rẹ̀ kù.

Àtúnṣe
Bí ọdún ti ń gorí ọdún, kàpásítọ̀ inú rẹ̀ a máa gbẹ. Ohùn rẹ̀ á sì máa kùn. A gbọ́dọ̀ pààrọ̀ wọn kí a tó so sípíkà mọ́ ọn. Iná lè wà nínú kàpásítọ̀ ńlá lẹ́yìn tí a ti yọ okùn iná.