Ipa Àkùkọ Nínú Àwọ̀ Ẹyin Adìẹ Marans

Ìlú Marans, nítòsí La Rochelle ní ilẹ̀ Faransé, ni adìẹ tí ń yé ẹyin pupa-dúdú yìí ti gba orúkọ. Protoporphyrin ni aró tí ń fún ẹyin náà ní àwọ̀. Èèpo ẹyin a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dì tán nínú adìẹ kí aró náà tó bò ó. Ìdí nìyí tí ó fi lè ṣí bí a bá fi omi ha ẹyin tuntun.

Ìṣòro tí ó wà níbẹ̀ ni pé àkùkọ kì í yé ẹyin, síbẹ̀ ó ní ìpín nínú àwọ̀ ẹyin tí àwọn ọmọ rẹ̀ yóò yé. Ìyẹ́ rẹ̀ kò lè jẹ́rìí sí èyí. Ẹyin tí òun fúnra rẹ̀ ti jáde ni ẹ̀rí àkọ́kọ́. Ẹyin àwọn ọmọ rẹ̀ ni ẹ̀rí tí ó dájú. Nítorí náà, olùsìn gbọ́dọ̀ kọ àmì ìyá sí ara ẹyin kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ẹyin bá pa ní ọjọ́ 21, kí ó ya ọmọ ìyá kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀, kí ó sì fi òrùka sí wọn lẹ́sẹ̀.

Àwọ̀ a máa ṣá bí àgbébọ̀ ti ń yé ẹyin lọ. Kò tọ́, nígbà náà, láti fi ẹyin àkọ́yé ti ọ̀kan wé ẹyin ìparí ti òmíràn. Bákan náà, àgbébọ̀ tí ẹyin rẹ̀ pọ̀ jù kì í sábà yé èyí tí ó dúdú jù. Olùsìn tí ó bá ń fi iye ẹyin nìkan ṣa adìẹ yóò rí ẹyin púpọ̀ kó. Orúkọ Marans yóò kù, àwọ̀ rẹ̀ yóò sì ti lọ.