"Díẹ̀ Ló Kù Ká Gba Ife": Ẹ Jẹ́ Ká Wo Ohun Tí Díẹ̀ Yẹn Jẹ́

Láti Kánò dé Jọ́ọ̀sì, láti Mínà dé Pọtakó, gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ wa tí kò ní tábìlì tẹ́nìsì kò pọ̀. Tábìlì náà lè ti gbó, àwọ̀n àárín rẹ̀ sì lè ti já, àmọ́ àwọn ọmọ wa ń gbá a lójoojúmọ́. Bí ìdíje bá sì dé láàárín àwa àti àwọn ẹ̀yà mìíràn tá a jọ ń gbé ìlú, a máa ń ṣe dáadáa. Ohun tó ń dùn wá ni pé a ó gbá a dé òpin, a ó wá fi póìǹtì méjì pàdánù. Tá a bá padà délé, ọ̀rọ̀ kan náà là ń sọ: "Díẹ̀ ló kù."

Ọ̀rọ̀ díẹ̀ yẹn la fẹ́ sọ lónìí. Ẹni tí wọ́n nà ní 11-2 mọ̀ pé òun ò tíì mọ̀ ọ́n gbá tó. Ẹni tí wọ́n fi póìǹtì méjì nà ni kì í mọ ohun tó ṣe é. Ó lè sọ ọ́ di ẹ̀bi rẹfirí, ó lè sọ ọ́ di ọwọ́ aráyé, ó tiẹ̀ lè di ìjà. Tiwa di ìjà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa ní Kàdúná

Wọ́n pe ẹgbẹ́ wa sí ìdíje àdúgbò kan ní Kàdúná. Ọmọkùnrin wa kan gbá a débi àṣekágbá. Sẹ́ẹ̀tì márùn-ún ni wọ́n fi í sí, ẹni tó bá kọ́kọ́ gba mẹ́ta ló ni ife. Ó gba ìkíní ní 11-4, ó gba ìkejì ní 11-5. Àwa ti ń lu ìlù, àwọn ìyá wa ti dìde, wọ́n ń jó. Àfi bí nǹkan ṣe yí padà: ó pàdánù ìkẹta ní 9-11, ìkẹrin ní 10-12, ìkarùn-ún ní 9-11.

Ohun tó bí wa nínú jù ni rẹfirí. Ọmọ ìlú yẹn ni. Ó pe fáòtù sí sáfù ọmọ wa lẹ́ẹ̀mejì: ọ̀kan ní 10-10 nínú sẹ́ẹ̀tì kẹrin, ọ̀kan ní 9-9 nínú ìkarùn-ún. Bí gbọ̀ngàn ṣe dàrú nìyẹn. "Torí pé àlejò ni wá ni!" Alága wa ní ká kó ẹrù wa, pé a ò ní tẹ ibẹ̀ mọ́. Wọ́n gbé ife fún ẹni tó borí, a ò pàtẹ́wọ́ fún un. Ká sòótọ́, ojú ń tì wá báyìí tá a bá rántí ọjọ́ náà, torí àwọn tá a pariwo mọ́ yẹn, a jọ ń ná ọjà ni, àwọn ọmọ wa sì jọ ń lọ síléèwé.

Ẹni tó ní 50 ló pàdánù

Ẹ wo ìṣirò yìí ná. Ẹ ro póìǹtì ọmọ wa pọ̀: 11, 11, 9, 10, 9. Ó jẹ́ 50. Ẹ ro ti ẹnìkejì rẹ̀: 4, 5, 11, 12, 11. Ó jẹ́ 43. Ẹni tó ní 50 lọ sílé lọ́wọ́ òfo, ẹni tó ní 43 gbé ife.

Kò sí ojóró níbẹ̀. Bí eré náà ṣe rí nìyẹn: iye sẹ́ẹ̀tì téèyàn gbà ni wọ́n ń kà, póìǹtì tó bá ṣẹ́ kù nínú sẹ́ẹ̀tì kan kò ṣeé gbé lọ sí òmíràn. Àwọn àgbà wa á rántí ìgbà tí sẹ́ẹ̀tì kan jẹ́ 21. Ọdún 2001 ni wọ́n sọ ọ́ di 11. Nígbà 21, téèyàn bá ṣàṣìṣe mẹ́ta, ààyè ṣì wà láti tún un ṣe. Ní 11, àṣìṣe mẹ́ta tó láti gbé sẹ́ẹ̀tì lọ. Tó bá sì di 10-10, sáfù tí kálukú ń gbá ní méjì-méjì á di ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí ẹnì kan á fi fi póìǹtì méjì ṣáájú.

Ìyẹn ni pé ẹni tó pàdánù báyìí kì í ṣe ẹni tí kò mọ̀ ọ́n gbá. Ohun tó yẹ kó wá kò pọ̀: póìǹtì márùn-ún tàbí mẹ́fà péré ni. Òwe wa ti sọ ọ́: bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ọmọdé ń wo ẹni tó máa gbé e dìde. Àgbà ń wo ohun tó gbé òun ṣubú.

Nígbà tá a wo fídíò

Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin ẹgbẹ́ wa ti fi fóònù ka gbogbo eré náà sílẹ̀. Torí ká lè fi pe rẹfirí lẹ́jọ́ la ṣe jókòó wò ó lálẹ́ ọjọ́ náà. Ṣé ẹ mọ ohun tá a rí?

Òfin ní kí bọ́ọ̀lù wà lórí àtẹ́lẹwọ́ tó là sílẹ̀, kéèyàn jù ú sókè gbọọrọ, ó kéré tán sẹ̀ǹtímítà 16, kó tó gbá a nígbà tó bá ń bọ̀ wálẹ̀. Ọmọ wa kò jù ú rárá. Ó di bọ́ọ̀lù náà mú ni, ó sì ń gbá a kúrò ní ìka. Bó ṣe ń ṣe é ní gbọ̀ngàn wa láti ọdún yìí wá nìyẹn, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀, torí báyìí náà ni gbogbo wa ń gbá a.

Èyí tó pa wá lẹ́nu mọ́ ni pé nínú sẹ́ẹ̀tì kejì, rẹfirí dá eré dúró, ó ní kí wọ́n tún sáfù kan gbá, ó sì fi ọwọ́ júwe fún ọmọ wa bó ṣe yẹ kó máa ju bọ́ọ̀lù. Ohun tí òfin gbà á láyè nìyẹn: tó bá ń ṣiyèméjì, kó kọ́kọ́ kìlọ̀, lẹ́yìn náà, kó fún ẹnìkejì ní póìǹtì. Ó kìlọ̀ o. Ìlù wa ni kò jẹ́ ká gbọ́.

Nínú sẹ́ẹ̀tì ìkarùn-ún, 9-6 ni ọmọ wa wà. Póìǹtì méjì péré ló ń wá. A kọ márùn-ún tó tẹ̀ lé e sílẹ̀:

9-7: Òun ló sáfù. Bọ́ọ̀lù padà wá nílẹ̀-nílẹ̀ sápá òsì rẹ̀, ó fẹ́ fi agbára parí rẹ̀, ó gbá a sí àwọ̀n.

9-8: Ẹnìkejì sáfù. Ó dá a padà, ó ga jù, wọ́n lù ú mọ́lẹ̀.

9-9: Ẹnìkejì tún sáfù. Ó kánjú lù ú, ó jáde.

9-10: Ó sáfù. Fáòtù.

9-11: Ó tún sáfù. Ẹ̀rù fáòtù ti ń bà á, ó wulẹ̀ ti bọ́ọ̀lù náà jẹ́jẹ́ ni. Wọ́n lù ú mọ́lẹ̀.

Ẹ ò rí i pé fáòtù kan péré ló wà nínú márààrún. Kí ẹnikẹ́ni tó pe fáòtù, póìǹtì mẹ́ta ti lọ. A tún rí i pé láti ìgbà tí sẹ́ẹ̀tì kẹta ti bẹ̀rẹ̀ ni ẹnìkejì ti ń darí gbogbo bọ́ọ̀lù sápá òsì. Ọmọ wa kò yí ohunkóhun padà, torí ohun tó fi gba sẹ́ẹ̀tì méjì ló dì mú. Òfin sì fún kálukú ní ìsinmi ìṣẹ́jú kan tó lè bèèrè lẹ́ẹ̀kan nínú eré kọ̀ọ̀kan. Kò bèèrè tiẹ̀. Kò sì sí ẹnì kan lára àwa tó ń lu ìlù tó rán an létí.

Ohun tá a ń ṣe báyìí

Àkọ́kọ́, ẹnì kan lára wa kì í lu ìlù mọ́. Ó ń jókòó pẹ̀lú bíbà àti ìwé, ó ń kọ bí póìǹtì kọ̀ọ̀kan ṣe lọ láti 7 sókè. Tí kò bá sí ẹni tó máa kọ ọ́, ẹni tó gbá a fúnra rẹ̀ ní láti kọ póìǹtì márùn-ún tó kẹ́yìn kó tó sùn. Tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì, á ti fi ìtàn dí ohun tó gbàgbé.

Ìkejì, a pín ohun tá a kọ sí mẹ́ta: ohun tí ẹnìkejì ṣe dáadáa, ohun tí àwa fọwọ́ ara wa bàjẹ́, àti èyí tó jẹ́ kòńgẹ́, bíi bọ́ọ̀lù tó kan àwọ̀n kó tó wọlé tàbí tó kan etí tábìlì. Ti kòńgẹ́, ẹ fi sílẹ̀. Kò sí ẹ̀kọ́ níbẹ̀. Ẹ sì ka èyí tó ṣe yín lóore náà mọ́ ọn, ẹ má kà èyí tó pa yín lára nìkan.

Ìkẹta, a ń bẹ̀rẹ̀ eré ìgbáradì láti 9-6 tàbí 9-9. Tẹ́lẹ̀, a máa ń gbá a láti 0-0, tó bá dé òpin, ẹnì kan á ní "ó ti tó, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíì wọlé." Ibi tó ń bà wá lẹ́rù la kì í dé rí. Báyìí, ẹni tó bá pàdánù láti 9-6 ló máa gbá ilẹ̀ gbọ̀ngàn. Ẹ̀rín ni wọ́n fi ń ṣe é, àmọ́ ọwọ́ ń gbọ̀n.

Ìkẹrin, a kì í yí gbogbo nǹkan padà nítorí póìǹtì méjì. Ọmọ wa ti fẹ́ lọ ra báàtì olówó ńlá lọ́sẹ̀ yẹn. A ní kó fowó rẹ̀ pamọ́. Báàtì tó fi ní 50 kò ní àrùn.

Ẹ má rò pé àwa nìkan ló ń ṣe o. Ní ìdíje Òlíńpíìkì Tokyo 2020, tí wọ́n gbá ní 2021, Patrick Franziska àti Petrissa Solja ti Jámánì ṣáájú ní 9-2 nínú sẹ́ẹ̀tì tó kẹ́yìn. Jun Mizutani àti Mima Ito ti Japan lé wọn bá, wọ́n borí ní 16-14, wọ́n sì gba wúrà nígbẹ̀yìn. Àwọn ọmọ tiwa náà, Ṣẹ́gun Tòríọlá àti Fúnkẹ́ Oshonaike, lọ sí Òlíńpíìkì lẹ́ẹ̀meje-méje. Àmì-ẹ̀yẹ kankan kò tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́ níbẹ̀, síbẹ̀ wọ́n ń padà lọ. Ẹni tó bá pàdánù tó sì ń di ẹ̀bi ru rẹfirí kò lè padà lọ lẹ́ẹ̀meje.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù

Nígbà tá a wo ìwé wa dáadáa, a rí i pé ibi tá a ti pàdánù kì í ṣe Kàdúná. Nílé ni. Àwa nìkan là ń bá ara wa gbá. A mọ sáfù ara wa, a mọ ibi tí kálukú ti dín, kò sì sí ẹni tó ń pe fáòtù sí ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí àlejò bá ti ti ilẹ̀kùn mọ́ra, ohun tí gbogbo ìlú mọ̀, òun kò ní mọ̀ ọ́n.

A ò sọ pé wọn kì í rẹ́ àlejò jẹ o. Ó ń ṣẹlẹ̀, àwa náà ti rí i. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ ká máa wo fídíò ká tó pariwo, kó lè jẹ́ pé lọ́jọ́ tí wọ́n bá rẹ́ wa jẹ lóòótọ́, wọ́n á gbà wá gbọ́.

Alága wa lọ bá rẹfirí yẹn nílé, ó tọrọ àforíjì. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní kó máa rán àwọn ọmọ wá sí tábìlì tàwọn ní ọjọ́ Sátidé. Ọmọ wa ń lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́, gbogbo sáfù rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní fáòtù. Báyìí, ó ń ju bọ́ọ̀lù sókè débi tí àwa tá a wà ní ìdúró ń rí i. Kò tíì gba ife kankan. Àmọ́ tó bá ti eré dé, kì í sọ pé "díẹ̀ ló kù" mọ́. Ó ń sọ iye tó kù, àti ohun tó jẹ́.