Ojú àti Ẹ̀rọ Nídìí Ikọ́ Ẹ̀gbẹ

Ẹni tó ti wúkọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, ará Mamu ni o, ará Àgọ́-Ìwòyè ni o, kẹ́lẹ́bẹ̀ ni wọn yóò ní kó ha wá. Lẹ́yìn náà ni ọ̀nà pín sí méjì: maikirosíkóòpù tàbí ẹ̀rọ GeneXpert.

Maikirosíkóòpù ni àgbà. Lẹ́yìn tí Robert Koch kéde kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ ní Berlin lọ́dún 1882, Ziehl àti Neelsen tún aró tó fi rí i ṣe. Wọ́n á rẹ kẹ́lẹ́bẹ̀ ní aró pupa, wọ́n á fi ásíìdì ṣàn án; ohun gbogbo á tú pupa náà sílẹ̀, àfi kòkòrò yìí, torí ọ̀rá tó bò ó lára. Ojú ènìyàn ló ń wá a kiri. GeneXpert, tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí lọ́dún 2010, kì í wo ara kòkòrò: DNA rẹ̀ ló ń sọ di ọ̀pọ̀.

Kòkòrò gbọ́dọ̀ tó ẹgbẹ̀rún márùn-ún sí mẹ́wàá nínú mìlílítà kẹ́lẹ́bẹ̀ kan kí ojú tó rí i. Nǹkan bí 130 tó fún ẹ̀rọ. Láàárín wákàtí méjì, ẹ̀rọ á tún sọ bóyá oògùn rifampicin ṣì lè pa kòkòrò náà, èyí tí ojú kò lè mọ̀ láé. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ń fẹ́ iná tí kì í ṣẹ́jú àti yàrá tútù. Maikirosíkóòpù onídígí a máa lo ìmọ́lẹ̀ oòrùn.

Ohun tó wú mi lórí jù ni pé aró ló wà nídìí àwọn méjèèjì. Nínú ike kékeré tí wọ́n rọ kẹ́lẹ́bẹ̀ sí, àwọ̀ kan ń tàn bí DNA ṣe ń pọ̀ sí i, ẹ̀rọ sì ń ka ìmọ́lẹ̀ náà. Méjèèjì ni kò sì mọ òkú kòkòrò yàtọ̀ sí alààyè. Síbẹ̀, fún aláìsàn tó ti ń lo oògùn, maikirosíkóòpù ń fi hàn bí iye wọn ṣe ń dín kù, nígbà tí ẹ̀rọ ṣì lè máa rí DNA àwọn òkú.

Àwọn ọmọdé kì í sáábà lè ha kẹ́lẹ́bẹ̀ jáde. Ẹ̀rọ gba ìgbẹ́ wọn fún àyẹ̀wò. Maikirosíkóòpù kò lè rí nǹkan tó ṣeé gbọ́kàn lé níbẹ̀. Fún ọmọ ọdún méjì tó ń wúkọ́, ẹ̀rọ ni kí wọ́n lò. Fún ìyá rẹ̀ tó ti lo oògùn fún oṣù méjì, maikirosíkóòpù ni.