Orí Gbígbóná Ọmọ Ilé-Ẹ̀kọ́ Gíga: Kí Ni Oògùn Rẹ̀?

Nígbà tí ìdánwò bá ń súnmọ́, láti Tanke dé Malete dé Adéwọlé, àwa tí a wà nídìí oògùn títà máa ń gbọ́ ìbéèrè kan náà lẹ́nu àwọn akẹ́kọ̀ọ́: "Ẹ fún wa ní oògùn tí kò ní jẹ́ ká sùn." Tó bá di ọjọ́ díẹ̀ sí i, àwọn kan náà á tún padà wá béèrè oògùn oorun. Bí a bá rọra bi wọ́n léèrè, a máa ń rí i pé ìwé nìkan kọ́ ló ń dà wọ́n láàmú. Ẹnì kan béèrè fún ìmọ̀ ìṣègùn, ẹ̀kọ́ nípa ẹranko ni wọ́n fún un. Ẹlòmíràn rèé, ẹ̀kọ́ tí bàbá rẹ̀ fẹ́ ló ń kọ́, kò sì mọ bí òun ṣe máa sọ ọ́ nílé pé kò wu òun mọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Ní ilé-ìwòsàn ọpọlọ ti Aró, ní Abẹ́òkúta, níbi tí Dókítà Thomas Adéoyè Lambo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1954, dókítà ará Kánádà kan, Raymond Prince, ṣàkíyèsí pé àròyé kan náà ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń mú wá. Orí ń gbóná, ó dà bí ẹni pé nǹkan ń rìn nínú rẹ̀, ojú ń ṣú, wọ́n ń kàwé ṣùgbọ́n kò yé wọn. Ní 1960, ó tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde, ó sì pe àìsàn náà ní "brain fag", bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn ṣe ń pè é. Lára ohun tó rí nídìí rẹ̀ ni ẹrù ẹbí: gbogbo ilé ló dáwó jọ rán ọmọ kan lọ sílé-ìwé, gbogbo wọn ló sì ń wo ọwọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Mórákínyọ̀ ti Ifẹ̀ tọ́ka sí àìsùn àti àwọn ohun tí ń lé oorun lọ. Lónìí, ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé àníyàn àti ìsoríkọ́ ló ń gba ara jáde bẹ́ẹ̀.

Àwọn aṣáájú ẹ̀sìn wa náà mọ̀ ọ́n. Ìmáàmù Al-Ghazali, ọ̀gá olùkọ́ ní Nizamiyya ti Bàgídáàdì, kọ ọ́ sílẹ̀ pé ní 1095, nígbà tí ọkàn òun pín sí méjì bóyá kí òun máa bá iṣẹ́ náà lọ tàbí kí òun fi í sílẹ̀, ahọ́n òun kọ̀ láti kọ́ni, oúnjẹ kò sì lọ mọ́. Àwọn oníṣègùn ní inú ọkàn ni àìsàn náà ti wá. Ta ló máa sọ pé ìgbàgbọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò tó? Nítorí náà, ẹ má ṣe sọ fún ọmọ tó ń sunkún pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ ló mẹ́hẹ.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ oògùn. Kaféènì wà nínú kọfí, nínú obì, àti nínú ohun mímu inú agolo tí àwọn ọmọ ń pè ní énájì. Ẹni tó bá mu ún ní aago mẹ́wàá alẹ́, nǹkan bí ìdajì rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀ ní aago mẹ́ta òru. Àyà á máa já, ọwọ́ á máa gbọ̀n, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ojú oorun ni ọpọlọ ti ń to ohun tí a kà pamọ́. Oògùn ìrora ni tramadol, kì í ṣe oògùn ìwé. Bí ó bá pọ̀ jù, ó lè fa gìrì, ó sì lè dá èémí dúró. Omi ikọ́ tó ní kodéènì, ìjọba àpapọ̀ ti fòfin de ṣíṣe é àti kíkó o wọlé láti oṣù karùn-ún 2018. Oògùn oorun tí dókítà kò kọ fúnni náà máa ń di bárakú.

Kí ni ká ṣe? Ẹ sùn, ó kéré tán wákàtí 7. Ànábì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ sísọ lẹ́yìn ìrun Ìṣáì. Nígbà tí Abdullah ọmọ Amr sì ń gbààwẹ̀ lójoojúmọ́, tó ń fi gbogbo òru kírun, Ànábì rán an létí pé ara rẹ̀ àti ojú rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀. Ẹni tó bá sùn kíákíá, tó sì kàwé lẹ́yìn Àsùbáà, orí rẹ̀ á fúyẹ́. Ẹ má fi ebi kàwé. Ẹ̀wà, ẹyin àti omi kò wọ́n tó oògùn. Bí orí fífọ́ kò bá lọ, ẹ ṣe àyẹ̀wò ibà, ẹ̀jẹ̀ àti ojú kí ẹ tó lo ohunkóhun.

Ní ti ẹ̀kọ́ tí kò wuni, orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ẹ má fi ilé-ìwé sílẹ̀ ní ọjọ́ tí èsì burúkú jáde. Ẹ sinmi ná, kí ẹ wá bi ara yín: ṣé ẹ̀kọ́ náà ni kò wù mí, àbí ó ti rẹ̀ mí? Ṣé gbogbo rẹ̀ ni, àbí kọ́ọ̀sì kan ṣoṣo? Bí iyèméjì náà kò bá lọ, ẹ tọ olùkọ́ tó ń dámọ̀ràn fún kíláàsì yín lọ, àti ọ́fíìsì ìgbaninímọ̀ràn. Lẹ́yìn ọdún kìíní ni wọ́n sábà máa ń gba ìyípadà, máàkì gbọ́dọ̀ dára, èsì WAEC àti JAMB sì gbọ́dọ̀ bá ẹ̀kọ́ tuntun mu. Ẹ kí ráká méjì ìsítíkhárà, ṣùgbọ́n ẹ bá àgbà tó mọ iṣẹ́ náà sọ̀rọ̀ pẹ̀lú. Chimamanda Ngozi Adichie kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn àti oògùn ní Nsukka fún nǹkan bí ọdún kan àbọ̀ kó tó yí padà, gbogbo ayé ló sì ń ka ìwé rẹ̀ lónìí. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

Ẹ̀yin òbí, a mọ̀ pé owó ilé-ìwé kò rọrùn. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ní ọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kó parí rẹ̀ kí ẹ tó dáhùn. Ẹ bi í bó ṣe ń sùn àti bó ṣe ń jẹun kí ẹ tó bi í ní máàkì. Ẹ má fi ọmọ ẹlòmíràn wé e.

Bí ìbànújẹ́ bá ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, tí ọmọ kò jẹun, tí kò sùn, tí ìrun pàápàá ti ń wúwo fún un, ẹ mú un lọ bá dókítà. Ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ wà ní ilé-ìwòsàn ńlá Yunifásítì Ìlọrin, UITH. Bí ó bá sọ̀rọ̀ ikú, ẹ má fi í sílẹ̀ ní òun nìkan, ẹ kó oògùn àti ọ̀tá-pìà-pìà kúrò nítòsí rẹ̀, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Àdúà dára, ẹ ṣe é lójú ọ̀nà.

Kí Ọlọ́hun fún àwọn ọmọ wa ní ìmọ̀ tó ṣàǹfààní àti àlàáfíà tí wọn yóò fi lò ó. Àmín.