Ọ̀dùnkún Yíyan Nínú Ààrò: Adùn Díndín Láìsí Àpọ̀jù Òróró

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní oúnjẹ ni ọ̀rẹ́ àwọ̀. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá ṣe ń se oúnjẹ ló ń sọ bóyá ọ̀rẹ́ náà yóò ṣe ara lóore tàbí yóò pa á lára. Lára oúnjẹ tí tọmọdé tàgbà fẹ́ràn ní àwọn ìlú ńláńlá ni ọ̀dùnkún òyìnbó, èyí tí ọ̀pọ̀ ń pè ní pòtétò, tí wọ́n gé tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́, tí wọ́n sì dín nínú òróró gbígbóná. Ìpínlẹ̀ Plateau ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ti ń wá sí ọjà káàkiri Nàìjíríà.

Ìṣòro máa ń dé nígbà tí dókítà bá sọ fún bàbá tàbí ìyá ilé pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ń ru, pé kí ó dín ọ̀rá àti iyọ̀ kù nínú oúnjẹ rẹ̀. Àwọn ọmọ kò ní fẹ́ gbọ́ pé wọn kò ní jẹ díndín mọ́, ìyá kò sì lè máa gbé ìkòkò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kaná lójoojúmọ́. Ọ̀nà kan tí gbogbo ilé fi lè jọ jẹ ẹ́ láti inú àwo kan náà ni kí wọ́n yan án nínú ààrò ìgbàlódé, yálà èyí tó ń lo gáàsì tàbí iná mànàmáná.

Ìdí tí èyí fi ṣeé ṣe kò ṣòroó yé. Ooru gbígbẹ tó ń fa omi kúrò lára ọ̀dùnkún ni ó ń mú kí ẹ̀yìn rẹ̀ le, tí inú rẹ̀ sì rọ̀. Kì í ṣe ọ̀pọ̀ òróró ló ń ṣe é. Nígbà tí wọ́n bá ń dín in, bí omi ti ń jáde ni àyè ń ṣí sílẹ̀ fún òróró láti wọlé. Gíráàmù 100 ọ̀dùnkún bíbọ̀ ní nǹkan bíi kálórì 87, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ọ̀rá rárá. Ìwọ̀n kan náà èyí tí ilé oúnjẹ ìgbàlódé dín ní nǹkan bíi kálórì 310, pẹ̀lú ọ̀rá tó tó gíráàmù 15. Omi tó gbẹ wà lára ohun tó fa ìyàtọ̀ yìí, ṣùgbọ́n òróró ló kó èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀.

Fún ènìyàn mẹ́rin, kílò kan ọ̀dùnkún àti òróró ẹ̀pà tàbí ti sóyà ṣíbí ńlá méjì, ìyẹn mílílítà 30, ti tó. Alásè yóò kọ́kọ́ fọ ọ̀dùnkún náà mọ́. Ó lè bó o, ó sì lè fi èèpo rẹ̀ sílẹ̀ nítorí oúnjẹ afọ́nú tó wà níbẹ̀. Yóò gé e gbọọrọ, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan nípọn tó sẹ̀ǹtímítà kan, kí gbogbo rẹ̀ lè jiná lẹ́ẹ̀kan náà. Lẹ́yìn èyí, yóò rẹ ẹ́ sínú omi tútù fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Omi náà yóò funfun, nítorí sítáàṣì tó ń jáde lára rẹ̀. Yóò da omi náà nù, yóò sì fi aṣọ mímọ́ nu ọ̀dùnkún náà títí yóò fi gbẹ dáadáa. Ẹni tó bá fo ìgbésẹ̀ yìí kò gbọdọ̀ retí pé yóò le, nítorí pé omi tó kù lára rẹ̀ yóò wulẹ̀ sè é ni.

Kí ààrò ti gbóná dé ìwọ̀n 220 Celsius kí ọ̀dùnkún tó wọ inú rẹ̀. Alásè yóò fi òróró pa á lára, yóò sì tẹ́ ẹ sórí páànù pẹlẹbẹ láìjẹ́ kí ọ̀kan gun èkejì. Bí páànù kan kò bá gbà á, kí ó lo méjì. Lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú, yóò yí i padà, yóò sì fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún sí i. Kí owó gáàsì má baà di ẹrù, ó lè yan ẹja sórí pẹpẹ kejì nínú ààrò kan náà.

Ìgbà tó bá jáde ni iyọ̀ kàn. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, gba àgbàlagbà níyànjú pé kí iyọ̀ tí ó ń jẹ lóòjọ́ má tó gíráàmù márùn-ún, ìyẹn bíi ṣíbí tíì kan. Nítorí náà, ìdajì ṣíbí tíì ti tó fún kílò kan ọ̀dùnkún yìí. Ata gígún àti aáyù lè fi kún adùn rẹ̀, ṣùgbọ́n kí alásè rántí pé iyọ̀ pọ̀ nínú àwọn èròjà amọ́bẹ̀dùn inú ọ̀rá.

Àǹfààní mìíràn ni pé kò ní sí àjẹkù òróró tí wọn yóò máa dín nǹkan sí léraléra títí yóò fi dúdú, tí yóò sì máa rùn. Bẹ́ẹ̀ ni ewu kí òróró gbígbóná dà sí ọmọdé lára yóò dínkù.

Síbẹ̀, yíyan nìkan kọ́ ni ààbò. Ní ọdún 2002, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní orílẹ̀-èdè Sweden kéde pé èròjà kan tí wọ́n ń pè ní acrylamide máa ń wà nínú oúnjẹ bí ọ̀dùnkún nígbà tí ooru tó ń sè é bá kọjá 120 Celsius, yálà wọ́n dín in tàbí wọ́n yan án. Láti ọdún 1994 ni àwọn onímọ̀ nípa àrùn jẹjẹrẹ ti ka èròjà náà mọ́ ohun tó ṣeé ṣe kó fa àrùn yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwádìí lára àwọn ènìyàn kò tíì fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé èyí tó wà nínú oúnjẹ ń fà á. Rírẹ ọ̀dùnkún sínú omi ń dín in kù. Kí alásè sì gbé e kúrò nígbà tí ó bá pọ́n bíi wúrà, kí ó má jẹ́ kí ó dúdú.

Ọ̀dùnkún tó ti ní àwọ̀ ewé lára kò dára fún jíjẹ, nítorí májèlé lè wà nínú rẹ̀. Ẹni tó ní àrùn ìtọ̀ ṣúgà gbọ́dọ̀ ṣọ́ bí yóò ti bu ú tó, nítorí pé ó máa ń tètè gbé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ sókè. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ dáadáa ní láti kọ́kọ́ bi dókítà rẹ̀, nítorí èròjà potassium tó pọ̀ nínú rẹ̀.

Fún ẹni tó ń jẹ ẹ́, kí ọ̀dùnkún má ju ìdá mẹ́rin àwo lọ. Kí ẹ̀fọ́ àti ẹja, ẹyin tàbí ẹ̀wà gba ìyókù. Àṣejù, baba àṣetẹ́ ni. Ohun tí ààrò fi ta agbada yọ ni pé ó jẹ́ kí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru lè bá àwọn ọmọ rẹ̀ jókòó ti oúnjẹ kan náà.