BÁŃKÌ OÚNJẸ: BÍ ÀWỌN ÌJỌ ṢE Ń BÁ EBI JÀ NÍ ILẸ̀ BÌRÌTÉÈNÌ

Àwọn àgbà a máa sọ pé bí ebi bá ti kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ilẹ̀ Yorùbá ni ó sì gbàgbọ́ pé ebi kò mọ ọ̀nà Ìlú Òyìnbó, àti pé ẹni tí ó bá ti rékọjá òkun ti bọ́ lọ́wọ́ àìrí-jẹ. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Láti oṣù Kẹrin ọdún 2023 títí di oṣù Kẹta ọdún 2024, ẹgbẹ́ aláàánú kan tí à ń pè ní Trussell pín àpò oúnjẹ tí ó lé ní mílíọ̀nù 3 ní ilẹ̀ Bìrìtéènì. Èyí tí ó lé ní mílíọ̀nù 1 nínú rẹ̀ ni ó jẹ́ ti àwọn ọmọdé. Ibi tí a ti ń pín oúnjẹ wọ̀nyí ni à ń pè ní báńkì oúnjẹ.

Bí Ó Ṣe Bẹ̀rẹ̀

Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ètò yìí ti kọ́kọ́ fìdí múlẹ̀. Ní ọdún 1967, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ John van Hengel dá báńkì oúnjẹ kan sílẹ̀ ní ìlú Phoenix, ní ìpínlẹ̀ Arizona. Ó ti rí i pé àwọn ilé ìtajà ńlá ń da oúnjẹ tí ó ṣì dára nù, nígbà tí ebi ń pa àwọn mìíràn ní ìlú kan náà. Ìjọ Àgùdà St. Mary yọ̀ǹda ilé kan tí a kò lò mọ́ àti 3,000 dọ́là fún un. Ó pè é ní báńkì nítorí pé ẹni tí ó ní yóò kó oúnjẹ pamọ́ síbẹ̀, ẹni tí kò ní yóò sì rí gbà.

Ní ilẹ̀ Bìrìtéènì, onígbàgbọ́ ni Paddy Henderson àti ìyàwó rẹ̀, Carol. Ní ọdún 1997 ni wọ́n fi ogún tí ìyá Carol fi sílẹ̀ dá ẹgbẹ́ Trussell sílẹ̀, kí wọ́n lè ran àwọn ọmọ aláìnílé lọ́wọ́ ní ilẹ̀ Bùlgéríà. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2000, ìyá kan ní ìlú Salisbury, níbi tí wọ́n ń gbé, fi tẹlifóònù pè wọ́n pé àwọn ọmọ òun yóò sùn pẹ̀lú ebi ní alẹ́ ọjọ́ náà. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ wọ́n lára. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kó oúnjẹ jọ sí inú ahéré kékeré tí ó wà nínú ọgbà ilé wọn. Nígbà tí ó di ọdún 2004, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ àwọn ìjọ ní ìlú mìíràn bí a ti ń ṣe é.

Bí Iṣẹ́ Náà Ṣe Ń Lọ

Àwọn ará ìlú ni ó ń mú oúnjẹ wá, sí ilé ìjọsìn, sí ilé ẹ̀kọ́, tàbí sínú apẹ̀rẹ̀ tí a gbé sí ẹnu ọ̀nà ilé ìtajà. Oúnjẹ tí kì í tètè bàjẹ́ ni a ń fẹ́: ìrẹsì, ẹ̀wà, tíì, bísíkíìtì, ẹran àti ẹja inú agolo. Àwọn tí ó fi ara wọn jìn láìgba owó ni ó ń wọ̀n ọ́n, tí wọ́n sì ń yẹ ọjọ́ tí a kọ sí ara rẹ̀ wò. Èyí tí yóò tètè bàjẹ́ ni a ń kọ́kọ́ pín.

Ní ọ̀pọ̀ ibi, ẹni tí ó wà nínú ìṣòro yóò kọ́kọ́ lọ bá dókítà, tàbí olùkọ́ ọmọ rẹ̀, tàbí ọ́fíìsì tí ń gba ènìyàn nímọ̀ràn. Àwọn wọ̀nyí ni yóò fún un ní ìwé àṣẹ tí ó fi iye ènìyàn tí ó wà nínú ilé rẹ̀ hàn. Bí ó bá mú ìwé náà dé báńkì, a ó fi ìjókòó àti tíì gbígbóná gbà á lálejò, a ó sì fún un ní oúnjẹ tí yóò tó ilé rẹ̀ jẹ fún ọjọ́ 3, ó kéré tán. A kì í béèrè irú ẹ̀sìn tí ó ń ṣe.

Àwọn Wo Ni Ó Ń Lọ Síbẹ̀?

Kì í ṣe ọ̀lẹ nìkan, gẹ́gẹ́ bí àwọn kan ti rò. Òṣìṣẹ́ tí àìsàn dá dúbúlẹ̀ ń lọ. Ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ń lọ pẹ̀lú, nítorí pé ẹni tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ béèrè owó ìrànwọ́ ìjọba tí à ń pè ní Universal Credit yóò dúró fún bí ọ̀sẹ̀ 5 kí owó àkọ́kọ́ tó dé, àfi bí ó bá yá nínú rẹ̀. Àwọn ọmọ Yorùbá náà wà níbẹ̀. Ìwé ìwọ̀lú ọ̀pọ̀ nínú wọn kà á léèwọ̀ pé kí wọ́n gba owó ìrànwọ́ ìjọba. Ó yẹ kí àwọn ẹbí ní ilé mọ̀ pé oúnjẹ báńkì kò sí lára ohun tí òfin yìí kà léèwọ̀. Ẹni tí ó bá gbà á kò rú òfin kankan.

Ibi Tí Agbára Rẹ̀ Mọ

Ní ọdún 2010 sí 2011, àpò oúnjẹ tí Trussell pín jẹ́ bí 61,000. Bí a bá fi èyí wé mílíọ̀nù 3 tí a sọ lókè, a ó rí i pé báńkì oúnjẹ ń gbà ènìyàn là lónìí, ṣùgbọ́n kò mú ohun tí ó fa ebi kúrò. Oúnjẹ ọjọ́ 3 kò lè san owó ilé, kò sì lè wá iṣẹ́ fún ẹni tí kò ní. Ẹgbẹ́ náà fúnra rẹ̀ ń sọ pé ohun tí òun ń lépa ni ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni kò ní nílò báńkì oúnjẹ mọ́. Nítorí náà ni ó ṣe ń rọ ìjọba pé kí owó ìrànwọ́ tó ẹni jẹ.

Ètò yìí ti dé ọ̀dọ̀ wa pẹ̀lú: láti ọdún 2015 ni Lagos Food Bank Initiative ti ń pín oúnjẹ ní Èkó. Àwọn ìletò tí ó mọ àáró àti ẹ̀súsú kò ní rí i bí ohun àjèjì. Ohun mẹ́ta ni ó mú un dúró: kí a mọ ẹni tí ó nílò rẹ̀ ní tòótọ́, kí a kọ ohun tí ó wọlé àti èyí tí ó jáde sínú ìwé, kí a má sì dójú ti ẹni tí ó wá gbà. Èyí tí ó kẹ́yìn yìí ni ó ṣòro jù, nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ni yóò fi ebi sùn ju kí aládùúgbò mọ̀ pé ìkòkò òun ṣófo.