Ìdarí Kọ́sọ̀ nínú Tẹ́mínà: Ohun tí Àmì Ohùn Yorùbá Ń Béèrè

Ìfáàrà

Olùkọ́ èdè Yorùbá tí ó bá fẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa dán akẹ́kọ̀ọ́ wò lórí àmì ohùn kò nílò ètò tí ó kún fún àwòrán. Ètò kékeré tí ń lo ọ̀rọ̀ nìkan nínú tẹ́mínà tó fún iṣẹ́ náà. Tẹ́mínà ni fèrèsé tí ènìyàn ti ń tẹ àṣẹ, tí kọ̀ǹpútà sì ń fi ọ̀rọ̀ dá a lóhùn. Ó wà lórí Windows, lórí Linux àti lórí Mac. Àmì kékeré tí ó máa ń ṣẹ́jú níbẹ̀, tí ó ń fi ibi tí lẹ́tà tí ó kàn yóò bọ́ sí hàn, ni wọ́n ń pè ní kọ́sọ̀.

Bí ètò bá gbé ọkọ síwájú akẹ́kọ̀ọ́ pé kí ó fi àmì sọ ọ́ di ọkọ́ tí àgbẹ̀ ń lò, tàbí ọkọ̀ tí ènìyàn ń wọ̀, tàbí ọ̀kọ̀ tí jagunjagun ń jù, kọ́sọ̀ gbọ́dọ̀ dúró síbi fáwẹ̀lì tí akẹ́kọ̀ọ́ ní lọ́kàn gan-an. Bí ó bá fi àyè kan ṣoṣo yẹ̀, àmì yóò bọ́ sórí kọ́ńsónáǹtì tàbí sórí fáwẹ̀lì mìíràn, ẹni tí ó mọ ìdáhùn yóò sì gba òdo. Ìdí nìyí tí ìdarí kọ́sọ̀, tí ó jọ iṣẹ́ àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà nìkan, fi kan olùkọ́ èdè.

Èdè tí tẹ́mínà gbọ́

Ojú tẹ́mínà dà bí ìwé tí wọ́n fa ìlà sí ní ìbú àti ní òòró. Àyè kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà ìlà àti nọ́ńbà òpó tirẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ sábà máa ń ní ìlà 24 àti òpó 80. Ní àwọn ọdún 1970, ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń ṣe tẹ́mínà tirẹ̀, pẹ̀lú àṣẹ tirẹ̀. Àní tẹ́mínà VT52 àti VT100 tí ilé iṣẹ́ Digital Equipment Corporation kan náà ṣe kò fi àṣẹ kan náà gbé kọ́sọ̀. Láti yanjú èyí, Bill Joy ṣe termcap ní 1978, ìyẹn fáìlì tí wọ́n kọ àṣẹ tẹ́mínà kọ̀ọ̀kan sí kí ètò lè máa wò ó níbẹ̀. Lórí irú ìpìlẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ́ àkójọ àṣẹ tí ń jẹ́ curses lé, tí arọ́pò rẹ̀, ncurses, ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ títí di òní.

VT100, tí ó jáde ní 1978, ni ó mú kí ìlànà àjùmọ̀lò kan gbilẹ̀, èyí tí ìwé ìlànà ECMA-48 ti 1976 ti là sílẹ̀. Lábẹ́ ìlànà yìí, ètò yóò fi àmì ESC ránṣẹ́, yóò fi àmì [ tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà nọ́ńbà àti lẹ́tà kan tí ó sọ iṣẹ́ tí ó fẹ́. ESC[5;10H yóò gbé kọ́sọ̀ lọ sí ìlà 5, òpó 10. ESC[A yóò gbé e sókè, B sísàlẹ̀, C sí ọ̀tún, D sí òsì. ESC[?25l yóò fi í pamọ́, ESC[?25h yóò sì dá a padà. (Ètò tí ó bá fi kọ́sọ̀ pamọ́, tí ó sì parí láì dá a padà, ti ṣe ẹni tí ń lò ó ní ìjàǹbá.)

Windows kò tètè gba ìlànà yìí. Lórí MS-DOS, láti ẹ̀dà 2.0 ti 1983, ó di dandan kí wọ́n kọ́kọ́ gbé ANSI.SYS wọlé. Nígbà tí ó yá, SetConsoleCursorPosition ni Windows ń fẹ́ kí ètò pè. Ètò tí ó ṣiṣẹ́ dáradára lórí Linux yóò kàn máa tẹ [5;10H sójú Windows bí ọ̀rọ̀ aláìnítumọ̀. Ní àkókò Windows 10 ni èyí yí padà, síbẹ̀ ètò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ENABLE_VIRTUAL_TERMINAL_PROCESSING tọrọ àyè. Ìṣirò pàápàá kò dọ́gba: àṣẹ ESC bẹ̀rẹ̀ láti 1, curses àti Windows bẹ̀rẹ̀ láti 0.

Òpó, nọ́ńbà àti báìtì

Gbogbo èyí ni ìwé nípa kọ̀ǹpútà sábà máa ń ṣàlàyé. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le fún Yorùbá ni ìṣirò òpó. Nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́tà kan jẹ́ báìtì kan, ó sì gba òpó kan, nítorí náà èyíkéyìí tí ètò bá kà, ìdáhùn kan náà ni.

Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà gan-an, ọ̀rọ̀, jẹ́ àpẹẹrẹ. Ojú rí i pé òpó 3 ni ó gbà. Ṣùgbọ́n Unicode kò fún ọ̀ ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Ọ ní nọ́ńbà tirẹ̀, àmì ohùn ìsàlẹ̀ sì ní tirẹ̀, èyí tí ó sọ ọ̀rọ̀ di nọ́ńbà 5. Bí pátákó ìtẹ̀wé bá tún ya àmì abẹ́ ọ sọ́tọ̀ kúrò lára o, ó di 7. Ní ìlànà UTF-8, báìtì 11 ni lọ́nà méjèèjì. Nítorí náà strlen inú èdè C yóò sọ pé 11, len inú Python yóò sọ pé 5 tàbí 7, tẹ́mínà yóò sì lo 3. Ètò tí ó bá fi báìtì ṣírò yóò gbé kọ́sọ̀ lọ sí òpó 12 nígbà tí ó yẹ kí ó wà ní òpó 4. Àṣìṣe yìí kan náà ni ó ń mú kí àkójọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n fẹ́ kí ó tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ máa rí wọ́gọwọ̀gọ.

Ohun tí ń tan olùkọ̀wé ètò jẹ ni pé bàbá kì í fi àléébù yìí hàn ní Python, nítorí à àti á ní nọ́ńbà tiwọn: nọ́ńbà 4, òpó 4. Ẹni tí ó bá fi bàbá àti ilé dán ètò rẹ̀ wò yóò rò pé iṣẹ́ ti parí, títí ẹ̀kọ́ yóò fi dé. Àwọn lẹ́tà tí ó ní àmì abẹ́, tí ó sì tún gbé àmì ohùn, ni wàhálà wà.

Àwọn kan gbà pé bí wọ́n bá ti sọ gbogbo ọ̀rọ̀ di NFC, ìyẹn ọ̀nà tí Unicode ń gbà so àwọn àmì pọ̀ mọ́ lẹ́tà, ọ̀ràn ti tán. Kò rí bẹ́ẹ̀: NFC sọ 7 di 5, kò sọ ọ́ di 3. Wcwidth ni ó ń ka òpó, tí ó ń fún àmì ohùn ní 0, tí ó sì ń fún lẹ́tà ní 1. Ó wà lórí Linux àti Mac, ṣùgbọ́n ètò C lórí Windows ní láti gbé tirẹ̀ dání. Èyí tí Markus Kuhn kọ wà lárọ̀ọ́wọ́tó.

Síbẹ̀, wcwidth kàn ń sọ ohun tí ó yẹ kí tẹ́mínà ṣe ni. Fèrèsé àtijọ́ ti Windows lè fún àmì ohùn ní àyè tirẹ̀. Ọ̀nà tí ó dájú jù ni kí ètò bi tẹ́mínà fúnra rẹ̀ léèrè. Bí ó bá fi ESC[6n ránṣẹ́, tẹ́mínà yóò fi nọ́ńbà ìlà àti ti òpó tí kọ́sọ̀ wà dáhùn, pẹ̀lú lẹ́tà R lẹ́yìn. Fún ètò ìdánwò àmì ohùn, ó sàn kí ó tẹ ọ̀rọ̀ ní sílébù kọ̀ọ̀kan, kí ó béèrè òpó lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ó sì tọ́jú ìdáhùn náà. Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá tẹ bọ́tìnnì ọlọ́fà, kọ́sọ̀ yóò fò láti fáwẹ̀lì dé fáwẹ̀lì, kì yóò dúró láàárín lẹ́tà àti àmì rẹ̀. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá yí àmì padà, kí ètò padà sí ìbẹ̀rẹ̀ ìlà, kí ó fi ESC[K nù ún, kí ó sì tún gbogbo ọ̀rọ̀ náà tẹ̀, dípò kí ó máa tún àyè kan ṣoṣo ṣe.

Kí ètò bẹ́ẹ̀ tó dé ọwọ́ kíláàsì, kí wọ́n tẹ ọ̀rọ̀ láti òpó 1 lórí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, nígbà kan pẹ̀lú nọ́ńbà 5, nígbà kejì pẹ̀lú nọ́ńbà 7, kí wọ́n sì béèrè ibi tí kọ́sọ̀ wà. Níbi tí ìdáhùn méjèèjì bá ti jẹ́ òpó 4, tẹ́mínà náà mọ àmì ohùn. Níbi tí kò bá ti jẹ́ 4, nọ́ńbà tí tẹ́mínà náà fi dáhùn ni kí ètò máa bá ṣiṣẹ́.